Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Àròkọ Alálàyé — Bí A Ṣe Ń Lo Lẹ́ńsì Olójú Ńlá

(a) Irú àròkọ tí èyí jẹ́

Àròkọ aṣàpèjúwe ni a fi parí ẹ̀kọ́ tí ó ṣáájú èyí. Àròkọ alálàyé ni ó kàn. Ohun tí ó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ ni pé aṣàpèjúwe ń fi bí nǹkan ṣe rí hàn wá, ṣùgbọ́n alálàyé ń jẹ́ kí á mọ bí a ṣe ń ṣe nǹkan, tàbí ìdí tí nǹkan fi ń ṣẹlẹ̀. Bí ẹni tí ó ka àròkọ rẹ kò bá lè dìde kí ó lọ ṣe ohun tí o ṣàlàyé, iṣẹ́ rẹ kò tíì parí, bí èdè inú rẹ̀ ti wù kí ó dùn tó.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni í sá fún irú ìbéèrè yìí bí ó bá ti kan ẹ̀rọ. Wọn a ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún un. Wọn a wá yan 'Bí A Ṣe Ń Gún Iyán', tí àìmọye ènìyàn ti kọ ṣáájú wọn, wọn a sì kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí gbogbo ènìyàn ti ń kọ ọ́. Irú àròkọ bẹ́ẹ̀ kì í jọ ẹni tí ó ń yẹ̀ ẹ́ wò lójú. Rántí pé alágbẹ̀dẹ, aláró àti ahunṣọ ní ọ̀rọ̀ fún gbogbo ohun tí wọ́n ń fọwọ́ kàn. Télọ̀, mẹkáníìkì àti onífọ́tò náà ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn lójoojúmọ́, iṣẹ́ náà sì ń yé wọn. Nítorí náà ni a ṣe mọ̀ọ́mọ̀ yan kókó tí ó jẹ mọ́ ẹ̀rọ níhìn-ín.

(b) Ìbéèrè

Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ohun èlò kan tí ìwọ ti mọ̀ ọ́n lò dáadáa. Kọ àròkọ tí ìwọ yóò fi ṣàlàyé fún un bí a ṣe ń lò ó.

(d) Ohun tí ìbéèrè náà ń fẹ́

Ka ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀mejì kí o tó gbé bírò. Ohun mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀. Èkíní, ohun èlò kan ṣoṣo ni. Má ṣe kó mẹ́ta pọ̀. Èkejì, ẹni náà ti rà á. Nítorí náà má ṣe fi ìwé ṣòfò lórí iye tí wọ́n ń tà á àti ọjà tí ó wà. Ẹ̀kẹta, bí a ṣe ń lò ó ni a bèèrè. Ìgbésẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìgbésẹ̀, ìdí sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan.

(e) Ìlapa èrò

1. Ìfáàrà: ohun tí lẹ́ńsì náà jẹ́ àti ibi tí ó ti wá.
2. Àwọn nọ́ńbà ara rẹ̀ àti ìtumọ̀ wọn.
3. Òrùka méjì tí ń darí ihò ìmọ́lẹ̀.
4. Bí a ṣe ń mú kí ojú ẹni tí à ń yà mọ́ kedere.
5. Ìwà lẹ́ńsì náà: ìdí tí ẹ̀yìn àwòrán fi ń yí.
6. Bí a ṣe ń lò ó nínú oòrùn, àti lára kámẹ́rà òde òní.
7. Bí a ṣe ń fi kọ́ra.
8. Ìkádìí: ìdí tí ó fi yẹ kí á mọ̀ ọ́n lò.

(ẹ) Àròkọ àwòṣe

BÍ A ṢE Ń LO LẸ́ŃSÌ HELIOS 44-2

Lẹ́ńsì ni ojú kámẹ́rà. Bí kámẹ́rà ti wù kí ó níye lórí tó, ohun tí lẹ́ńsì bá rí náà ni yóò gbà. Ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni wọ́n ti ń ṣe Helios 44-2 tí o rà yìí nígbà ìjọba Sófíẹ̀tì, fún kámẹ́rà tí à ń pè ní Zenit. Òrìṣà oòrùn àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ni ó ń jẹ́ Helios. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn ará Rọ́ṣíà ni ó kọ́kọ́ ronú kan bí a ṣe to dígí mẹ́fà inú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Zeiss ní ìlú Jena, ní ilẹ̀ Jámánì, ti fi irú ètò bẹ́ẹ̀ ṣe lẹ́ńsì Biotar kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1939. Lẹ́yìn ogun ni àwọn ará Rọ́ṣíà mú un ṣe tiwọn, wọ́n sì ṣe é ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù. Ìdí nìyí tí àlòkù rẹ̀ kò fi ṣọ̀wọ́n títí di òní.

Wo iwájú lẹ́ńsì náà. Ìwọ yóò rí nọ́ńbà méjì, 58 àti 2. 58 ni ó ń sọ bí lẹ́ńsì náà ṣe ń fa nǹkan súnmọ́ tó, mìlímítà ni a sì fi wọ̀n ọ́n. Kò ṣe é fà gùn, kò ṣe é sún kúrú. Bí o bá fẹ́ kí ojú ènìyàn tóbi sí i nínú àwòrán, ẹsẹ̀ rẹ ni yóò rìn. 2 ni ó ń sọ bí ojú rẹ̀ ṣe lè là tó. Nínú ikùn lẹ́ńsì ni ihò kan wà tí irin pẹlẹbẹ mẹ́jọ ń ṣí tí wọ́n sì ń pa. Nọ́ńbà 2, 2.8, 4, 5.6, 8, 11 àti 16 ni a fi ń wọn ihò yìí. Ibí ni ó sábà máa ń rú ẹni lójú: bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe ń tóbi tó. Ìdí rẹ̀ ni pé nọ́ńbà náà ni a fi ń pín 58. Fi 2 pín 58, ihò náà fẹ̀ tó mìlímítà 29. Fi 16 pín in, kò tó mìlímítà 4. Bí o bá ti lọ sí nọ́ńbà tí ó kàn lókè, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń wọlé yóò dín kù sí ìdajì. Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń wọlé ní 2 jẹ́ ìlọ́po 4 èyí tí ó ń wọlé ní 4, ó sì jẹ́ ìlọ́po 64 èyí tí ó ń wọlé ní 16. Èyí ni a ṣe ń pe irú lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ ní olójú ńlá. Ó lè ríran nínú yàrá tí fìtílà kan ṣoṣo ń tàn, níbi tí olójú kékeré yóò ti máa táràrà.

Òrùka méjì ni ó ń darí ihò náà. Ọ̀kan ni o fi ń yan nọ́ńbà. Èkejì ni o fi ń ṣí i tí o sì fi ń pa á. Bí o bá fẹ́ ya àwòrán ní 8, kọ́kọ́ fi òrùka àkọ́kọ́ yan 8. Lẹ́yìn èyí, fi òrùka kejì ṣí ihò náà gbàgà, kí ìmọ́lẹ̀ lè tó ọ láti ríran, kí o sì tún ojú lẹ́ńsì ṣe títí ohun tí o ń wò yóò fi mọ́ kedere. Ní ìgbésẹ̀ kẹta, yí òrùka kejì padà títí yóò fi dúró. Kò ní kọjá 8 tí o ti yàn. Nígbà náà ni kí o tó tẹ kámẹ́rà. Bí o bá fo ìgbésẹ̀ kẹta, ìmọ́lẹ̀ yóò ya wọlé ju bí ó ti yẹ lọ, àwòrán yóò sì funfun báláú. Bí ó bá jẹ́ 2 gan-an ni o fẹ́ lò, kò sí ohun tí o ní láti pa.

Olójú ńlá ní ìṣòro tirẹ̀. Bí o bá dúró ní mítà 1 sí ènìyàn, tí o sì lo 2, ibi tí yóò mọ́ kedere kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3.5 lọ, ìyẹn ìbú ìka ọwọ́ méjì. Bí imú bá mọ́, etí ti ṣú bàìbàì. Kí ni kí á wá mú? Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú ni kí o mú, èyí tí ó bá sì súnmọ́ ọ jù nínú méjèèjì ni. Ya ẹsẹ̀ rẹ díẹ̀, kí o sì fi ìgbúnwọ́ méjèèjì ti ìhà rẹ. Yí òrùka títí ojú náà yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, kí o wá fi òrùka sílẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ara rẹ ni kí o máa fi sún síwájú àti sẹ́yìn, wẹ́rẹ́ wẹ́rẹ́. Nígbà tí o bá ń rí irun ìpéǹpéjú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mí síta, kí o sì tẹ̀ ẹ́. Má ṣe mú ojú tán kí o tún wá gbé kámẹ́rà sí ẹ̀gbẹ́, nítorí ìka méjì kò pọ̀. Ó ti yẹ̀ nìyẹn. Bí a bá fẹ̀sọ̀ pa eèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ kò bá tíì dúró, sún sẹ́yìn dé mítà 2. Níbẹ̀, ibi tí ó mọ́ kedere yóò di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 14, orí ènìyàn yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba inú rẹ̀ tán.

Wàyí o, ohun tí ó sọ Helios di ẹni tí à ń wá kiri ni ìwà rẹ̀. Jẹ́ kí ẹni tí o ń yà dúró nítòsí, kí igi eléwé wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, kí ihò sì wà ní 2. Ìmọ́lẹ̀ tí ń yọ láàárín ewé yóò di ìmọ́lẹ̀ róbótó róbótó. Ní àárín àwòrán, wọn yóò rí róbótó lóòótọ́. Ní etí àwòrán, wọn yóò fún pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ bí ojú ológbò, gbogbo wọn yóò sì tò yí ẹni náà ká bí ìgbà tí ààjà bá gbé ewé. Kí ni ó fà á? Mú agolo tí a ti gé ìdí àti orí rẹ̀. Wo inú rẹ̀ tààrà. Ẹnu rẹ̀ róbótó. Tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ẹnu iwájú àti ti ẹ̀yìn yóò bo ara wọn, ohun tí ó kù tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà yóò sì rí bí ojú ológbò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni lẹ́ńsì. Ìmọ́lẹ̀ iwájú ń wọlé láìsí ìdènà, ṣùgbọ́n èyí tí ó ń gba ẹ̀gbẹ́ bọ̀, etí àgbá lẹ́ńsì ń gé apá kan rẹ̀ dànù. Bí o bá pa ihò dé 4 tàbí 5.6, ihò náà ti kéré ju ibi tí etí àgbá lè gé dé lọ, ààjà náà yóò sì rọlẹ̀.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1840, Joseph Petzval ṣètò lẹ́ńsì kan ní ìlú Vienna fún yíya ojú ènìyàn. Nígbà náà, ẹni tí à ń yà ní láti jókòó láìmira fún ìgbà pípẹ́ nítorí pé lẹ́ńsì ayé ìgbà náà kì í gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀. Lẹ́ńsì Petzval dín ìyà náà kù gidigidi, ṣùgbọ́n òun náà a máa yí ẹ̀yìn àwòrán po. Àwọn tí ń ṣe lẹ́ńsì ka èyí sí àbùkù, wọ́n sì ti ṣe wàhálà púpọ̀ láti mú un kúrò. Àwọn ayàwòrán kan ń fi owó wá a kiri. Ìwọ ní tìrẹ, má ṣe bá ìwà lẹ́ńsì rẹ jà, má sì ṣe jẹ́ kí ó gàba lé ọ lórí. Bí o bá fẹ́ ààjà, fi ẹni tí o ń yà sí àárín gbùngbùn, nítorí etí àwòrán kì í mọ́ ní 2. Ògiri tí a kùn ní ọ̀dà kan kò ní yí, nítorí kò sí ohun tí yóò yí níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹbí mẹ́wàá ni o fẹ́ yà, pa ihò dé 8, kí àwọn tí wọ́n dúró ní ẹ̀gbẹ́ má baà di òjìji.

Oòrùn ọ̀sán ni ọ̀tá olójú ńlá. Lábẹ́ oòrùn gangan, fíìmù tí a kọ 100 sí lára ń fẹ́ nǹkan bíi 1/100 ìṣẹ́jú àáyá bí ihò bá wà ní 16. Bí o bá ṣí i dé 2, ìmọ́lẹ̀ ti di ìlọ́po 64. Ìlẹ̀kùn kámẹ́rà gbọ́dọ̀ ṣí kí ó sì padé láàárín 1/6400. Bẹ́ẹ̀ Zenit-E, tí ó jáde ní 1965, kò lè yára ju 1/500 lọ. Nítorí náà, tí o bá wà nínú oòrùn, lo 8 pẹ̀lú 1/500. Bí o bá fẹ́ lo 2 dandan, wá abẹ́ igi lọ, tàbí kí o dúró de ìrọ̀lẹ́. Bí oòrùn bá kọjú sí lẹ́ńsì, yóò da funfun bo àwòrán bí ọyẹ́. Fi àtẹ́lẹwọ́ ṣíji bo iwájú lẹ́ńsì, ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ wọ inú àwòrán. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi òrùka ìsopọ̀ gbé Helios sára kámẹ́rà tí kì í lo fíìmù. Ìwọ náà ni yóò ṣì máa fi ọwọ́ yí i. Mọ̀ pẹ̀lú pé bí ibi tí kámẹ́rà náà fi ń gba àwòrán bá kéré ju ojú fíìmù lọ, etí ni yóò gé dànù, etí sì ni ààjà wà.

Báwo ni o ṣe máa fi kọ́ra? Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, gbé ìkòkò kan sórí àpótí níwájú igi, kí o yà á ní 2, ní 4 àti ní 8 láti ojú kan náà. Kọ nọ́ńbà, bí o ṣe jìnnà tó àti àkókò sínú ìwé kékeré, kí o lè mọ ohun tí ó bí àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ya ènìyàn ní mítà 2. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, súnmọ́ mítà 1. Má ṣe lo lẹ́ńsì mìíràn títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yóò fi pé. Fíìmù kan kò ju àwòrán 36 lọ, nítorí náà ronú kí o tó tẹ̀ ẹ́.

Gbogbo ìlàkàkà yìí ní ìdí. Nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé ni àgbàlagbà kan wà tí kò ní àwòrán kankan yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n yà fún ìwé ìjọba. Ìrọ̀lẹ́ ni irú ìyá àgbà bẹ́ẹ̀ máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà, nígbà tí oòrùn ti ń wọ̀, tí ìmọ́lẹ̀ kò sì tó mọ́ fún lẹ́ńsì olójú kékeré. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, kò ní tún un rẹ́ nítorí pé o ń wá nọ́ńbà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ òrùka méjèèjì nínú òkùnkùn ni yóò mú ẹ̀rín náà, àwọn ọmọ tí a kò tíì bí yóò sì lè sọ pé, 'Bí ìyá wa ṣe rí nìyí.'

(f) Àkíyèsí lórí àròkọ yìí

1. Wò ó bí a kò ṣe fo ìgbésẹ̀ kankan. A kò lè sọ̀rọ̀ ààjà kí á tó ṣàlàyé ihò, a kò sì lè ṣàlàyé ihò kí á tó sọ ìtumọ̀ nọ́ńbà. Bí o bá gbé ìpínrọ̀ kan kúrò ní ipò rẹ̀, èyí tí ó tẹ̀ lé e kò ní yé ẹnikẹ́ni.

2. Lẹ́yìn àṣẹ ni ìdí. Nígbà tí a sọ pé 'Má ṣe gbé kámẹ́rà sí ẹ̀gbẹ́', a fi kún un pé 'nítorí ìka méjì kò pọ̀'. Àṣẹ láìsí ìdí a máa jọ òfin. Kì í ṣe àlàyé.

3. Ohun tí òǹkàwé mọ̀ ni a fi ṣàlàyé ohun tí kò mọ̀: agolo, ojú ológbò, ààjà, ọyẹ́, ìbú ìka. Àfiwé tí o bá ní láti tún ṣàlàyé kò wúlò.

4. Ọ̀rọ̀ àyálò bíi lẹ́ńsì, kámẹ́rà, fíìmù àti mìlímítà ni a kọ ní ìlànà Yorùbá, a sì fi àmì sí wọn. Orúkọ ènìyàn àti ti ọjà ni a fi sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Níbi tí Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀, bí ihò, òrùka àti àgbá, a kò yá ti ẹlòmíràn lò.

5. Òwe méjì péré ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Òwe tí a kò rán níṣẹ́, dídín ni ó ń dín máàkì kù.

6. Ẹnì kan ṣoṣo ni a bá sọ̀rọ̀, 'o' ni a sì fi pè é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 'o' kí o wá parí pẹ̀lú 'ẹ'.

7. Àròkọ yìí gùn ju èyí tí àkókò ìdánwò lè gbà lọ, nítorí ẹ̀kọ́ ni a fi ṣe. Bí àkókò rẹ kò bá tó, ìpínrọ̀ lórí Petzval ni kí o kọ́kọ́ yọ, ṣùgbọ́n mú ìmọ̀ràn tí ó parí rẹ̀ mọ́ ìpínrọ̀ tí ó ṣáájú. Má ṣe fọwọ́ kan ìgbésẹ̀ lílo òrùka méjèèjì.

(g) Ìdánrawò

1. Kọ ìlapa èrò fún àròkọ lórí 'Bí A Ṣe Ń Lo Ẹ̀rọ Ìránṣọ'. Rí i pé ìgbésẹ̀ rẹ kò dín ní márùn-ún.

2. Fi ìpínrọ̀ kan ṣàlàyé ìdí tí nọ́ńbà kékeré fi túmọ̀ sí ihò ńlá nínú lẹ́ńsì. Lo àfiwé kan tí kò sí nínú àròkọ àwòṣe.

3. Bí ihò bá kúrò ní 2.8 lọ sí 5.6, ìlọ́po mélòó ni ìmọ́lẹ̀ fi dín kù? Kọ ìdáhùn rẹ ní gbólóhùn kan tí ó pé.

4. Yan ohun èlò kan tí wọ́n ń lò nílé rẹ, tí o rò pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún. Lọ bá ẹni tí ń fi í ṣiṣẹ́, kí o bi í léèrè orúkọ tí ó ń pe ẹ̀yà ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí o sì fi àwọn orúkọ náà kọ àròkọ alálàyé.